Ohùn ni ká gbàgbọ́ ni, àbí pátákó iná? Ìmọ̀ràn fún Màmá tó fẹ́ dá wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kọ pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi, tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 67, ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lóṣù tó ń bọ̀ láti bá àbúrò mi obìnrin wẹ ọmọ tuntun. Ìtòsí Elephant & Castle ni àbúrò mi ń gbé, Edgware sì ni àbúrò Màmá fúnra wọn wà, nítorí náà ọjọ́ kan á wà tí Màmá á fẹ́ lọ kí wọn, tí kò sì ní sí ẹni tó máa sìn wọ́n lọ. Ogójì ọdún ni Màmá fi ta aṣọ ní Balógun, kò sì sí kọ̀rọ̀ kan láti Ìdúmọ̀tà títí dé Agége tí wọn kò lè dá wọ ọkọ̀ dé. Ṣùgbọ́n etí òsì wọn kò gbọ́ dáadáa mọ́, bí wọ́n bá sì ń kàwé, wọ́n máa ń fara balẹ̀ kà á ni.

Àbúrò mi fi fídíò ibùdókọ̀ wọn ránṣẹ́ sí wa. Ohùn kan ń sọ̀rọ̀ láti òkè, pátákó iná ń kọ orúkọ ibi tí a kò mọ̀, ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátákó náà sì ń rìn kọjá kí Màmá tó ka ìdajì rẹ̀ tán. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní: “Bí ohùn bá sọ tiẹ̀, tí pátákó náà sọ tiẹ̀, èwo ni kí n gbàgbọ́?” N kò ní ìdáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ̀ ọ́ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè, kọ pé:

Ẹ kú ìmúra, ẹ sì kú oríire ọmọ tuntun. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ìlú náà kí n tó padà sílé, ọ̀nà tí Màmá fẹ́ tọ̀ yìí gan-an ni mo sì ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Northern line ni wọ́n ń pè é, ìlà dúdú ni wọ́n fi yà á sínú àwòrán ọ̀nà. Elephant & Castle àti Edgware jọ wà lórí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé Màmá lè fi ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ kí wọ́n sì fi ọkọ̀ kan ṣoṣo bọ̀, bí wọ́n bá ti mọ bí a ṣe ń ka pátákó.

Ẹ fi danfo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Bí kọ̀ńdọ́ bá dúró ní Ọ̀ṣòdì tí ó ń ké pé “Ọbáléndé, Third Mainland!”, kì í ka gbogbo ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ máa kọjá. Ibi tí ọkọ̀ máa parí sí ló ń dá, ó sì ń fi orúkọ afárá sọ ọ̀nà tí yóò gbà. Ẹni tó fẹ́ sọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọkọ̀ yẹn kì í ṣe tòun, bẹ́ẹ̀ kò sì sí ẹni tó dárúkọ Ojúẹlẹ́gba. Bí pátákó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Nígbà tí Màmá bá ń bọ̀ láti Edgware, kí wọ́n má ṣe wá “Elephant & Castle” lójú pátákó, nítorí wọn kò ní rí i. “Morden via Bank” ni wọ́n máa rí. Morden ni ibi tí ọkọ̀ ń parí sí, Bank sì ni “Third Mainland” tirẹ̀.

“Via” yìí ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ju gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù lọ. Ní Camden Town ni ọ̀nà náà ti pín sí méjì, ọ̀kan gba Bank, èkejì gba Charing Cross, Kennington ni wọ́n sì ti tún pa pọ̀. Méjèèjì ló ń dúró ní Euston, ìyẹn sì máa ń mú kí èèyàn rò pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n. Èyí tó gba Bank nìkan ló ń dé Elephant & Castle. Bí pátákó bá kọ “Kennington via Charing Cross” tàbí “Battersea Power Station via Charing Cross”, kí Màmá jẹ́ kó máa lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́ lè má mọ Battersea yẹn, torí pé oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀nà náà kún un.

Bí wọ́n bá sì ti ṣèèṣì wọ ti Charing Cross ní Edgware, kò sí ewu kankan. Kí wọ́n sọ̀ ní Camden Town, kí wọ́n dúró sí pèpéle kan náà tí wọ́n sọ̀ sí láìgun àtẹ̀gùn kankan, kí wọ́n wá máa wo pátákó títí yóò fi kọ “via Bank”. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ láti Elephant & Castle, nǹkan rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí Bank ni gbogbo ọkọ̀ ibẹ̀ ń gbà. Kí wọ́n sáà ti dúró de èyí tó kọ “Edgware”, kí wọ́n má wọ èyí tó kọ “High Barnet” tàbí “Mill Hill East”.

Bàbá Láfíàjí kọ pé:

Ìyá Ìbejì ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà. Ìbéèrè tí Màmá fúnra wọn bi ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, àwọn tó bí i síbẹ̀ pàápàá kì í sábà bi í.

Ohùn tí a ń gbọ́ nínú ọkọ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan tó ń wo ìta. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni, kọ̀ǹpútà ló sì ń yan èyí tó kàn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rò pé ọkọ̀ ti rìn tó. Pátákó inú kóòṣì ń gba ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti ibi kan náà, nítorí náà bí ọ̀kan bá ṣì, èkejì lè bá a ṣì. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí ní ìlú kan nílẹ̀ òkèèrè: ohùn náà fi ibùdókọ̀ kan rẹ̀yìn, pátákó fara mọ́ ọn, gbogbo wa sì jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró síbi tí ó yẹ kí n sọ̀. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ti ń pa dé ni mo rí orúkọ ibẹ̀ lára ògiri.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé ògiri ni kó gbàgbọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, òrùka pupa kan ni wọ́n ń kọ orúkọ ibùdókọ̀ sí, wọ́n fa ọ̀pá aró gba àárín rẹ̀ kọjá, lẹ́tà funfun sì wà lórí aró náà. Láti ọdún 1908 ni wọ́n ti ń lo irú àmì yìí, ó sì wà káàkiri ara ògiri tó fi jẹ́ pé ibi yòówù kí Màmá jókòó sí, wọ́n máa rí ọ̀kan láti ojú fèrèsé. Àmì yẹn kò lo kọ̀ǹpútà, wọ́n kàn án mọ́ ògiri ni. Kí wọ́n máa wò ó nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra wọlé, kó tó dúró pátápátá.

Bí awakọ̀ fúnra rẹ̀ bá wá gba gbohùngbohùn tó sọ̀rọ̀, èyíinì ga ju ohùn àgbàsílẹ̀ lọ. Ẹ ó mọ ìyàtọ̀ rẹ̀: ti àgbàsílẹ̀ ń dán geere, ti awakọ̀ máa ń kùn, ó sì máa ń sáré. Etí Màmá lè má gbé e. Bí wọ́n bá rí i tí àwọn èrò dákẹ́ lójijì tí wọ́n gbójú sókè, tàbí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde níbi tí kì í ṣe ìparí ọ̀nà, kí wọ́n bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn ará ibẹ̀ kì í kọ́kọ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, àmọ́ bí o bá bi wọ́n, wọn á dá ọ lóhùn pẹ̀lú sùúrù.

Ẹ tún sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú ojú pátákó kì í ṣe ìṣẹ́jú aago. Ibi tí ọkọ̀ wà lójú irin ni ẹ̀rọ ń wò tó fi ń fojú bu iye ìṣẹ́jú tó kù. Bí èrò bá dí ẹnu ilẹ̀kùn níbùdókọ̀ tó ṣáájú, “1 min” lè dúró lójú kan pẹ́ títí. Kí wọ́n má rò pé pátákó ti bàjẹ́ kí wọ́n wá kúrò níbẹ̀. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ sì lè yí ibi tí ọkọ̀ kan ń lọ padà lójú ọ̀nà, nítorí náà kí wọ́n tún wo orúkọ tó wà níwájú orí ọkọ̀ bí ó bá ti ń yọ.

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kọ pé:

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo ka èyí sí Màmá létí ọ̀tún. Inú wọn dùn sí ọ̀rọ̀ ògiri yẹn. Wọ́n ní ibùdókọ̀ méjìdínlógún ló wà lẹ́yìn Elephant & Castle títí dé Edgware, àwọn á máa fi ìka kà á. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Yábàá kọ pé:

Iye náà tọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n kà á. Mo ti rí i tí ọkọ̀ kọjá ibùdókọ̀ kan láìdúró nítorí pé wọ́n ti í pa fún àtúnṣe. Ẹni tó bá ń fi ìka kà yóò fi ẹyọ kan ṣì títí dé òpin. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọdé kan lè rẹ́rìn-ín sí wọn ní kóòṣì, wọ́n á sì gbàgbé bóyá méje ni àbí mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo ojúmọ́. Abẹ́ ilẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń gbà láti Elephant & Castle, ó kọjá Camden Town, ó dé Hampstead, èyí tó jinlẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé òkè ni wọ́n kọ́ ọ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn Hampstead, ariwo inú ihò á dáwọ́ dúró lójijì, ìmọ́lẹ̀ á sì kún kóòṣì. Golders Green nìyẹn. Láti ibẹ̀, márùn-ún ló kù: Brent Cross, Hendon Central, Colindale, Burnt Oak, Edgware. Ọkọ̀ á tún wọ ihò kékeré kan lẹ́yìn Hendon Central, kí ìyẹn má dẹ́rù bà wọ́n, kì í pẹ́ tó fi ń jáde.

Bí ojúmọ́ bá sì yọ sí wọn, tí orúkọ tó wà lára ògiri jẹ́ East Finchley, ọkọ̀ High Barnet ni wọ́n wọ̀. Kí wọ́n sọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n wọ èyí tó ń padà sí Camden Town, kí wọ́n sì wá ti Edgware níbẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ ìyá tèmi gan-an nìyí, torí wọn kò lè ka ìwé tó ń rìn lójú pátákó rárá. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá a lọ, wọ́n sì pè mí láti Golders Green pé, “Oòrùn ti yọ o!”

Olùkọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn ọ̀rọ̀ kan kún un, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì tiwa níbí àti Gẹ̀ẹ́sì gbohùngbohùn yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni “All change, please.” Nígbà tí ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n tú etí gèlè wọn, wọ́n mú owó ẹyọ jáde, wọ́n sì ń wo ẹni tó máa gbà á, torí ní Èkó, bí kọ̀ńdọ́ bá ti ń pariwo “change”, ọ̀rọ̀ ṣéńjì ni. Kóòṣì ti ṣófo kí n tó fà wọ́n sókè. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ọkọ̀ yìí kò lọ síwájú mọ́, kí gbogbo èèyàn sọ̀. “This train terminates here” sábà máa ń ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ní “Change here for” tó sì dárúkọ ọ̀nà mìíràn, ìyẹn kò kan Màmá. Àwọn tó fẹ́ bọ́ sí ọ̀nà mìíràn ló ń bá wí. “All” ni kí wọ́n fetí sí.

“Mind the gap” ni ìkejì. Àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ àti pèpéle ni wọ́n ní ká ṣọ́. Àwọn pèpéle kan tẹ̀ bí ọrun, kóòṣì sì gùn gbọnrangandan, nítorí náà wọn kò lè fara kan ara wọn délẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn àgbàsílẹ̀ ké e. N kò lè dárúkọ rẹ̀ kí n má sọ ti Embankment. Òṣèré kan tó ń jẹ́ Oswald Laurence ló sọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ó kú ní ọdún 2007, ìyàwó rẹ̀ sì máa ń lọ jókòó sí pèpéle yẹn láti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi ohùn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ìyá náà kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì dá ohùn náà padà ní ọdún 2013, sí pèpéle Northern line tí ọkọ̀ àríwá ń dúró sí. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá níbẹ̀ ni mo máa ń dúró gbọ́ ọ. Ojú ọ̀nà Màmá kọ́ o, torí Charing Cross ni ọ̀nà Embankment.

Ẹ̀kẹta: wọ́n lè gbọ́ pé kí “Inspector Sands” wá kíákíá. Kò sí ọlọ́pàá kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àrokò ni, àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń bá sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n lọ wo ibi tí aago ìkìlọ̀ iná ti dún, kí èrò má baà bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Kí Màmá dúró jẹ́ẹ́, àfi bí wọ́n bá ní kí gbogbo èèyàn jáde.

Lójú pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, “Good service” túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ń lọ bó ṣe yẹ, “Minor delays” pé á pẹ́ díẹ̀, “Severe delays” pé á pẹ́ gan-an. Èyí tó yẹ kó mú wọn padà sílé ni “Part suspended” tàbí “Part closure”, torí pé ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ kò dé ibì kan lórí ọ̀nà náà lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè ló sì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí àtúnṣe ojú irin.

Àbíkẹ́ Mushin kọ pé:

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹbí yín wà ní Dagenham, ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ọkọ̀ tó kọ “Barking” kò ní gbé yín dé ọ̀dọ̀ wọn, Barking ló ń parí sí. “Upminster” ni kí ẹ wá. Ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow pẹ̀lú, Piccadilly line tó kọ “Terminal 4” kì í lọ sí Terminal 5. Bí ẹ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ sọ̀ ní Hatton Cross kí ẹ dúró de èyí tó tọ́.

Ọmọ Marina kọ pé:

Ṣé Màmá ti wọ Blue Line, ọkọ̀ ojú irin tiwa ní Èkó níbí, rí? Bí wọn kò bá tíì wọ̀ ọ́, ẹ mú wọn lọ kí wọ́n tó rìnrìn àjò. Láti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló ti ń gbé èrò, ibùdókọ̀ márùn-ún péré ni: Marina, National Theatre, Orílé, Alábà, Mile 2. Òótọ́ ni pé òkè ló ń gbà, kì í ṣe abẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á fi káàdì Cowry kan ẹnu ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa fi káàdì kàn án lọ́hùn-ún, wọ́n á dúró sẹ́yìn ìlà, ilẹ̀kùn á dá ṣí fúnra rẹ̀, á sì dá pa dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síbi tí etí ọ̀tún wọn á fi kọjú sí àárín kóòṣì, kí ẹ má sì sọ ohunkóhun fún wọn. Iṣẹ́ tí ẹ máa fún wọn ni pé kí wọ́n dárúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ara ògiri kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kọ pé:

A lọ láàárọ̀ Sátidé. Ní Marina, Màmá di ọwọ́ mi mú. Ní Orílé, wọ́n ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n rí orúkọ National Theatre kí n tó rí i, wọ́n pàdánù ti Orílé torí pé wọ́n ń wo àwọn òrùlé ìsàlẹ̀, wọ́n rí Alábà, wọ́n sì dìde fún Mile 2 kí ọkọ̀ tó dúró. Nígbà tí à ń bọ̀, wọ́n ní kí n jókòó sí kóòṣì mìíràn kí àwọn lè dá ṣe é. Mo jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ẹrù, mo sì bá wọn ní Marina, wọ́n ti sọ̀ ṣáájú mi.

Mo ti kó gbogbo ìmọ̀ràn yín sórí páálí kan tí wọ́n á máa fi sínú àpò wọn. Ojú kan kà pé: “Mò ń lọ sí EDGWARE. Kì í ṣe High Barnet. Kì í ṣe Mill Hill East. Bí oòrùn bá yọ, Golders Green ni, ó ku márùn-ún.” Ojú kejì kà pé: “Mò ń padà sílé. MORDEN VIA BANK. Bí mo bá ṣì í, kí n sọ̀ ní Camden Town, kí n má kúrò lójú kan. Wo ògiri.” Nísàlẹ̀ ni nọ́ńbà fóònù àbúrò mi wà, pẹ̀lú gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n lè fi han ẹnikẹ́ni pé etí òsì wọn kò gbọ́ràn, kí ó jọ̀wọ́ sọ̀rọ̀ sí ọ̀tún.

Màmá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní lẹ́tà rẹ̀ kéré, àti pé kí n fi “WO ÒGIRI” sókè pátápátá lójú méjèèjì. Lọ́la ni mo máa gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú.